Obìnrin Nínú Iṣẹ́ Lọ́yà: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Léraléra ní Àkúrẹ́

Àwọn ọmọ iléèwé girama, òbí wọn àtàwọn oníbàárà ló ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe lọ́yà nílùú Àkúrẹ́. Mo kó wọn jọ síbí, látorí èyí tó rọrùn dé èyí tó ta kókó.

Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà nílẹ̀ wa?

Stella Jane Thomas ni. Èkó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1906, nínú ìdílé Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone wá, tó rí já jẹ; oníṣòwò ńlá ni Peter John Claudius Thomas, bàbá rẹ̀. Ó kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Middle Temple, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba lọ́yà wọlé níbẹ̀, ọdún 1933 ni wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ lọ́yà. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó di lọ́yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì ni lọ́yà obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 1943 wọ́n fi í ṣe májísíréètì. Kò sí obìnrin tó ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀ níhà tiwa.

Kò dúró dìgbà tó di ẹni ńlá kó tó sọ̀rọ̀ o. Lọ́dún 1934, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, ó dìde láàárín àwọn òyìnbó amúnisìn, ó sì sọ ojú abẹ níkòó nípa bí wọ́n ṣe ń ti ẹ̀yìn àwọn ọba ṣàkóso wa. Tí mo bá bi àwọn ọmọ iléèwé ní ìbéèrè yìí, Fọláké Ṣóláńkẹ́ ni wọ́n sábà máa ń dá lóhùn. Ìyá yẹn náà ṣe gudugudu méje, ẹ ó bá a nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Stella Thomas ló la ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní orúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin wa ti ń ṣe lọ́yà tipẹ́. Kí ló dá obìnrin dúró?

Ọdún 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà yẹn di 1933 jẹ́ ọdún 54. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin wa ń sùn. Kò sí iléèwé òfin kankan nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn obìnrin tiwọn.

Ohun tí wọ́n fi tì í ló máa ń bí mi nínú jù. Lọ́dún 1913, Gwyneth Bebb pe ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà lẹ́jọ́ torí wọ́n kọ̀ kó jókòó ṣe ìdánwò wọn. Bebb yìí ti ka ẹ̀kọ́ òfin ní Oxford, ó sì wà lára àwọn tó gba máàkì tó ga jù lọ. Òfin tó wà nílẹ̀ ní "ẹnì kan" tó bá kúnjú òṣùwọ̀n lè di lọ́yà. Àwọn adájọ́ dá a lóhùn pé láti ayébáyé obìnrin kò ṣe iṣẹ́ yìí rí, nítorí náà obìnrin kì í ṣe "ẹnì kan" lójú òfin náà. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibẹ̀ náà ló ti pàdánù.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, lọ́dún 1919, ilé aṣòfin wọn ṣòfin pé kí wọ́n má ṣe fi jíjẹ́ obìnrin dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ivy Williams ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, lọ́dún 1922. Bebb kò rí i. Ó bímọ, àìsàn tẹ̀ lé e, ó sì kú lọ́dún 1921. Ọdún 11 péré ni ilẹ̀kùn yẹn fi ṣí kí ọmọ Èkó kan tó gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣé kì í ṣe àṣà Yorùbá ló ní kí obìnrin má dá ẹjọ́?

Àwọn bàbá ló sábà ń bi mí ní èyí, wọ́n sì máa ń rò pé mo máa sá fún un. Rárá o. Ẹni tó bá jẹ́ ará Oǹdó kò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ pé Pupupu, obìnrin, ló kọ́kọ́ jọba lórí wọn. Títí di òní, oyè Lóbùn wà ní Oǹdó, ọba obìnrin ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í sì í fi Ọ̀ṣemàwé jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Bí Déjì bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń di adélé. Ojú gbogbo wa ló ṣe láàárín ìparí ọdún 2013 sí 2015. Aṣọ ọkùnrin ni adélé ń wọ̀, agbádá àti fìlà, ó sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé wá sáàfin. Ìyá mi tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba sọ fún mi nígbà yẹn pé, "Ìwọ nìkan kọ́ lo ń wọ aṣọ ọkùnrin lọ sẹ́nu iṣẹ́." Gáùn mi ló ń bá wí.

Mi ò ní tìtorí ìyẹn parọ́. Bí Déjì tuntun bá ti jẹ, adélé á kúrò lórí ìtẹ́, ìgbìmọ̀ tí obìnrin kì í dé sì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n pé obìnrin kò lè gbọ́ ẹjọ́ kó sì dá a, ìyẹn kò ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa wá.

A ti ní lọ́yà obìnrin láti 1933. Kí ló dé tí adájọ́ obìnrin fi di 1969?

Nítorí ilẹ̀kùn náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wò ó: lọ́yà, 1933. Májísíréètì, 1943. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, 1969. SAN, ìyẹn oyè agbẹjọ́rò àgbà, 1981. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, 2005. Adájọ́ àgbà gbogbo Nàìjíríà, 2012. Ọdún 79 ni láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí Stella Thomas di lọ́yà ti di arúgbó kí obìnrin tó dé òkè. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé "wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún obìnrin", ẹ bi wọ́n pé ilẹ̀kùn wo.

Modupe Omo-Eboh, ọmọ Akingbehin, ni adájọ́ obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Nàìjíríà. Ìlú Bìní ni wọ́n ti yàn án lọ́dún 1969, kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni. Lọ́dún 1953 ló ti di lọ́yà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọdún 16 kí àga adájọ́ tó kàn án.

Ẹni kejì yóò ya àwọn kan lẹ́nu: Dulcie Oguntoye, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lọ́yà ọmọ Yorùbá, tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wálé, tó sì di ọmọ ilẹ̀ wa. Ọdún 1976 ló di adájọ́, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀.

Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN?

Olóyè Fọláké Ṣóláńkẹ́ ni, lọ́dún 1981. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn lọ́yà ní oyè agbẹjọ́rò àgbà yìí, àwọn ọkùnrin méjì, Rótìmí Williams àti Graham-Douglas, ló kọ́kọ́ gbà á.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí ìyá yìí lọ́dún 1932. Ìṣirò ló kọ́kọ́ kà ní yunifásítì kó tó lọ kọ́ òfin. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń rò pé ọ̀nà ti dí. Lọ́dún 1972 ó di kọmíṣọ́nnà obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn, abẹ́ ìpínlẹ̀ yẹn sì ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà nígbà náà. Kọmíṣọ́nnà tiwa náà ni.

Ṣé obìnrin ti ṣe Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà rí?

Méjì. Aloma Mariam Mukhtar ṣe é láti oṣù Keje ọdún 2012 títí di oṣù Kọkànlá 2014. Kánò ló ti wá. Òun ni lọ́yà obìnrin àkọ́kọ́ láti Òkè Ọya, lọ́dún 1967, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́dún 2005. Ìkejì ni Kudirat Kekere-Ekun, ọmọ Èkó, tó gorí àga náà lọ́dún 2024.

Ààrẹ ẹgbẹ́ lọ́yà ńkọ́?

Ẹyọ kan ṣoṣo, Priscilla Kuye, lọ́dún 1991. Ìpínlẹ̀ wa ti mú ààrẹ ẹgbẹ́ náà jáde, Rótìmí Akérédolú ọmọ Ọ̀wọ̀, láti 2008 sí 2010, ó sì wù mí kí ọmọbìnrin kan láti ibí tún gbà á.

Níbo ni ọmọ mi obìnrin ti lè kọ́ òfin láìjìnnà sílé?

Nínú ìpínlẹ̀ wa, Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá Àkókó ń kọ́ òfin, Elizade ní Ilará-Mọ̀kín náà ń kọ́ ọ, àmọ́ ti aládàáni ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ifẹ̀ kò jìnnà, Adó-Èkìtì náà nìyí nítòsí. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Lítíréṣọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú di Máàtì. Yunifásítì tó bèèrè rẹ̀ pọ̀. Ọdún márùn-ún ló máa lò níbẹ̀ tó bá ti JAMB wọlé.

Lẹ́yìn yunifásítì ni iléèwé òfin ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 kí àwọn ọmọ wa má baà máa lọ sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Bwari l'Ábújá ni orílé-iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀ka rẹ̀ kankan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibí yìí ni owó ti ń wọ́n àwọn òbí lójú: owó iléèwé, sùúùtì dúdú, wíìgì, gáùn, owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Ábújá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó náà jọ láti ọdún kẹta. Mo ti rí ilé tí owó kò ti tó, tí wọ́n ní kí àbúrò ọkùnrin máa lọ ná, kí ẹ̀gbọ́n obìnrin dúró dọdún tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Bí ẹnì kan bá ní obìnrin kò lè kàwé òfin délẹ̀, ẹ dárúkọ Jadesola Akande fún un. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Nàìjíríà, ó sì ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1989.

Kí ni lọ́yà obìnrin ń wọ̀ ní kóòtù? Ṣé ó lè lo híjáàbù?

Aṣọ dúdú tó bo ara dáadáa, aṣọ funfun tí à ń so mọ́ ọrùn, gáùn, àti wíìgì. Aṣọ ọrùn tèmi àkọ́kọ́, ìyá mi ló fi sítáàṣì rẹ́ ẹ tó fi le gbagidi, ó sì há mi lọ́rùn títí wọ́n fi pe ẹjọ́ wa. Yẹtí gbàgẹ̀dẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ aláràbarà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé.

Ní ti híjáàbù, lóṣù Kejìlá ọdún 2017, wọn kò jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tó jáde ní Yunifásítì Ìlọrin wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gba lọ́yà tuntun l'Ábújá, nítorí ó lo híjáàbù sábẹ́ wíìgì. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lóṣù Keje ọdún 2018, wọ́n gbà á wọlé, híjáàbù sì wà lórí rẹ̀. Mo mọ àwọn òbí Mùsùlùmí ní Ìkàrẹ́ tí ìyẹn fi ọkàn wọn balẹ̀.

Kí ni kí n pe adájọ́ tó bá jẹ́ obìnrin?

"My Lord", bí ẹ ṣe ń pe ọkùnrin. Ẹ má ṣe pè é ní "Mummy", bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti wù kó tó. Mo mọ̀ pé ẹnu wa kì í gbà á láti pe àgbà obìnrin láìfi "Mà" kún un. Kò sí wàhálà nínú "Ẹ ṣeun, Mà" lẹ́nu ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ adájọ́ kì í bínú sí i. Lọ́yà ni wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ nìkan kọ́ ni lọ́yà obìnrin mọ̀ ọ́n ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ẹbí kan láti ìlú kan nítòsí Àkúrẹ́ gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá sí ọ́fíìsì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá mi ní kí n mú un. Nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ náà, olórí ẹbí wo ẹ̀yìn mi, ó wo inú mọ́tò, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ṣé lọ́yà ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Mo ní èmi ni. Bàbá dákẹ́. Ó rọra yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé, ó ní ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin.

Mi ò bá a jà. Mo tẹ̀lé wọn rìn láti ibi pèrègún ìpẹ̀kun ilẹ̀ dé ibi àkùrọ̀, mo ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ pààlà sílẹ̀, mo ń bèèrè ta ló gbin kòkó wo àti lọ́dún wo. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni a jókòó. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún mi lómi. Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣe ẹjọ́ yẹn, kò sì tún bèèrè lọ́yà mìíràn.

Nípa pé ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin: láti ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní Èkó, ni kóòtù ti sọ ọ́ pé ọmọbìnrin Yorùbá ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ẹbí bàbá rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ti lé ní 100 ọdún. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin bá ń sọ nǹkan mìíràn níbi ìpàdé ẹbí, ẹ dá wọn lóhùn.

Kí ni FIDA? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń tú ilé onílé ká?

Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin káàkiri àgbáyé ni. Ọdún 1944 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Mẹ́síkò, ẹ̀ka Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964. Adùkẹ́ Alákijà, ọ̀kan lára àwọn lọ́yà obìnrin wa ìṣáájú, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà fún gbogbo àgbáyé. Wọ́n ń ran obìnrin àti ọmọdé tí kò lówó lọ́wọ́ lórí ẹjọ́, ọ̀fẹ́ sì ni.

Pé wọ́n ń tú ilé ká kì í ṣe òótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá lọ́yà obìnrin ni owó oúnjẹ ọmọ, owó iléèwé, àti ìyá tí wọn kò jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀. Wọ́n máa ń pe ọkọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀. Ilé tí lílù ti fẹ́ pa ìyàwó kú, kí lọ́yà tó dé ló ti tú.

Ṣé ọkọ lè ní kí ìyàwó má ṣe iṣẹ́ lọ́yà mọ́?

Ó lè sọ ọ́, kò sí òfin tó tì í lẹ́yìn. Orúkọ ìyàwó ló wà nínú ìwé àwọn lọ́yà, kì í ṣe ti ọkọ.

Mo ń lọ́kọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n yí orúkọ mi padà lórí ìwé lọ́yà?

Kò pọn dandan. Orúkọ tí wọ́n fi gbà yín wọlé ló wà ní ìwé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ibẹ̀ lẹ ó kọ̀wé sí. Bí àwọn oníbàárà bá ti mọ orúkọ bàbá yín, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó pa á rẹ́. Mo so méjèèjì pọ̀, kò sì sí ẹni tó bá mi jà nílé.

Tí obìnrin láti Ìpínlẹ̀ Oǹdó bá fẹ́ ará ìpínlẹ̀ mìíràn, ìpínlẹ̀ wo ni yóò fi gba ipò adájọ́?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo wọn. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń pín ipò ìjọba àpapọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Ìlànà àjọ tó ń mójú tó pípín náà sọ pé ìpínlẹ̀ bàbá obìnrin tó lọ́kọ ni yóò ṣì máa jẹ́ tirẹ̀. Lórí ìwé, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fi ọdún 20 ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀, bó bá padà sílé bàbá rẹ̀ láti wá ipò, wọ́n á ní a kò mọ̀ ọ́n níbí. Bó bá dúró sí ti ọkọ, wọ́n á ní àlejò ni.

Ó ṣẹlẹ̀ ní gbangba lóṣù Kọkànlá ọdún 2012. Ìpínlẹ̀ Anambra ni wọ́n ti bí Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo, Abia ni ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ Abia ló sì bá lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ búra fún un pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dúró ná, àwọn kan ti kọ̀wé pé kì í ṣe ọmọ Abia. Ẹni tó kọ̀ láti búra fún un ni Aloma Mukhtar, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà. Ó dun ọ̀pọ̀ wa nígbà yẹn, ó sì ṣì ń dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà tó wà nílẹ̀ ló tẹ̀lé. Ilé aṣòfin àgbà dá sí i, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin pariwo, lẹ́yìn-ò-rẹyìn wọ́n búra fún un.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì. Ọmọ Àkúrẹ́ tó fẹ́ ará Adó lọ́dún 1990 kò kúrò ní ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀. Ilé kan náà, ọkọ kan náà, àmọ́ wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, ó sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan di ẹni tó lọ́kọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo mọ irú wọn nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ bàbá wọn wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn ní ti ọkọ dípò rẹ̀, kí wọ́n sì máa wá sílé fún ìpàdé ẹbí, kí àwọn tó wà nílé mọ ojú wọn kí ọjọ́ ìbéèrè tó dé.